Ọkọ àbí Ọkọ̀: Àkọsílẹ̀ Kọ́fà Ìwé Ìròyìn Fíìmù Kan

Inú nílọ́nù dúdú ni Dádì kó wọn sí. Ẹ̀dà márùn-ún, ti oṣù márùn-ún tó tẹ̀ léra, ló tò sórí tábìlì mi ní Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn. Ó ní, "Aláwòrán, àwọn oníwèé ń dá a padà. Bá mi wo ohun tó ń ṣe kọ́fà yìí." Òun ló dá ìwé ìròyìn náà sílẹ̀, òun náà ti ṣeré rí nígbà tí eré ṣì wà lórí ìtàgé, gbogbo wa là ń pè é ní Dádì. Yorùbá ni wọ́n fi ń kọ ìwé náà látòkèdélẹ̀, ọ̀rọ̀ fíìmù àti àwọn òṣèré sì ni wọ́n ń gbé. Mi ò ní dárúkọ ìwé náà, mi ò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn.

Mo mú ọ̀kan nínú márààrún. Mo ka orí èèyàn tó wà níwájú rẹ̀, mẹ́sàn-án ni. Ara fọ́tò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti gé wọn, funfun ògiri tí òṣèrébìnrin kan dúró sí ṣì lẹ̀ mọ́ etí irun rẹ̀ bí ẹni pé èlùbọ́ dà lé e lórí. Ọ̀kan ń rẹ́rìn-ín, èkejì ń sunkún, ẹ̀kẹta gbé ìbọn. Pupa ni orúkọ ìwé, yẹ́lò yí i po, òjìji dúdú tún wà lẹ́yìn ìyẹn. Àkọlé mọ́kànlá ló fún ara wọn pọ̀ láàárín àwọn orí yìí, mẹ́rin nínú wọn sì ń pariwo "Háà!"

Ẹni tó bá mọ Ìdúmọ̀tà, níbi tí wọ́n ti máa ń ta fíìmù l'Ékòó, kò ní béèrè ibi tí wọ́n ti kọ́ ọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe páálí fíìmù nìyẹn, láti ayé kásẹ́ẹ̀tì títí dé ayé CD. Ẹni tó lórúkọ jù lorí rẹ̀ máa tóbi jù, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn á kéré sí i. Ẹni tó fẹ́ rà á á ka orí, á mọ àwọn tó wà nínú eré náà, á sì fọwọ́ kan àpò. Ìṣirò ni, kì í ṣe ìdọ̀tí. Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí ni mo pè é lọ́jọ́ yẹn, mo tiẹ̀ sọ ọ́ lójú Dádì. Wọn ò dá mi lóhùn.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo jókòó ti kọ̀ǹpútà, mo kó kọ́fà àwọn ìwé fíìmù ilẹ̀ òkèèrè jọ, mo tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Empire ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1989, orúkọ pupa gàdàgbà ló wà lókè rẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló sábà máa ń dúró níwájú, orí ẹni náà á sì bo díẹ̀ lára lẹ́tà orúkọ ìwé. Cahiers du Cinéma ti ilẹ̀ Faransé, tí àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní oṣù kẹrin ọdún 1951, yẹ́lò ni wọ́n fi ṣe èèpo rẹ̀ láyé ìgbà náà, fọ́tò kan láti inú fíìmù ló wà láàárín, ó parí. Mo wo gbogbo rẹ̀, mo kọ ojú ewé mẹ́ta fún Dádì: ojú kan, àwọ̀ méjì, àkọlé mẹ́ta.

"Ojú kan?" Wọ́n yọ awò ojú wọn. "Àwọn mẹ́jọ tó kù ńkọ́? Ṣé o mọ̀ pé ẹni tí orí rẹ̀ bá wà níwájú ìwé, òun ló máa ra ogún ẹ̀dà fún àwọn ẹbí rẹ̀?"

Mo ní, "Dádì, ẹ̀dà tí wọ́n ń dá padà ju ogún lọ, sà."

Mo borí wọn pẹ̀lú gbólóhùn yẹn. Kò sì yẹ kí n borí.

Òṣèrébìnrin kan tí gbogbo ilé mọ̀ la yàn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí jíìpù rẹ̀ gbé níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ fíìmù, ó sì ti bá wa sọ ọ́ tomijé-tomijé. Mo ní kó wọ dúdú. Mo ta aṣọ dúdú sẹ́yìn rẹ̀, mo sì tan iná kan ṣoṣo sí i láti ẹ̀gbẹ́. Mo ní kó má wo kámẹ́rà o, kó máa wo ọ̀ọ́kán bí ẹni tó ń retí ẹni tí kò dé. Gèlè rẹ̀ ga. Mo jẹ́ kó bo lẹ́tà mẹ́ta láàárín orúkọ ìwé, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe rí i lára ti àwọn aláwọ̀ funfun. Lójú kọ̀ǹpútà, bí mo bá ní ó rẹwà, mi ò tíì sọ nǹkan kan.

Ó wá ku àkọlé. Fọ́ǹtì, ìyẹn irísí lẹ́tà, tí mo nífẹ̀ẹ́ sí, gíga, tín-ín-rín, kò ní àmì abẹ́ lẹ́tà rárá, ká má tiì sọ ti àmì ohùn. Bí mo bá ti tẹ "ọ̀," àpótí kékeré kan ni yóò gbé kalẹ̀ fún mi. Mo bá yọ gbogbo àmì dànù. Bó ṣe jáde nìyí:

WON JI OKO MI GBE

Ọmọbìnrin tó ń bá wọn yẹ ìwé wò ní ọ́fíìsì Dádì ló kọ́kọ́ kọminú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò ní ṣi èèyàn lọ́nà báyìí?" Mo ní ta ni kò tíì gbọ́ pé wọ́n jí jíìpù obìnrin náà. Ká ní mo tiẹ̀ kọ "jíìpù" síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìbá tán. Ṣùgbọ́n "ọkọ̀" kúrú, ó sì jókòó dáadáa lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀.

Ṣómólú la ti tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ń darí ẹ̀rọ wo ìwé àkọ́kọ́ tó bọ́ jáde, ó gbé e súnmọ́ iná, ó sì rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, ẹ fi dúdú sórí dúdú, ẹ wá ní kí n wá èèyàn jáde nínú ẹ̀." Òtítọ́ ni. Ojú kọ̀ǹpútà ní iná nínú, bébà ò ní. Íńkì mẹ́rin ni ẹ̀rọ fi ń kọ gbogbo àwọ̀: búlúù, pupa, yẹ́lò àti dúdú, ní àmì tótòtó tí ojú lásán ò lè rí. Àwọ̀ ara wa yìí, yẹ́lò àti pupa ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Búlúù àti dúdú ibẹ̀ kò gbọ́dọ̀ pọ̀. Àwọn àmì tótòtó yẹn sì máa ń fẹ̀ bí wọ́n bá ti kan bébà, pàápàá bébà tó ń mu íńkì. Ibi tí òjìji wà lójú obìnrin náà bá dì pọ̀ mọ́ aṣọ ẹ̀yìn rẹ̀. Apá kan ojú rẹ̀ ló yọ; apá kejì di eérú. Àtúntẹ̀ kò sí, owó ti tán. A gbé e lọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ ló bọ́ sígboro. Kí ilẹ̀ Sátidé tó mọ́ tán, fóònù Dádì ti ń dún. Òṣèrébìnrin náà ni. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti rí kọ́fà lọ́wọ́ aládùúgbò, ó ti fi igbe bọnu pé àwọn ajínigbé ti gbé ọmọ òun lọ. Ọkọ fúnra rẹ̀ wà lẹ́nu ìrìn àjò, nọ́ńbà rẹ̀ ò sì lọ, ìyẹn ló wá dá kún un. Dádì fi fóònù sí gbangba kí èmi náà lè gbọ́: "Dádì, ọkọ̀ ni mo sọ fún yín! Ọkọ̀! Ẹ̀yin lẹ wá bá mi jí ọkọ mi gbé!"

Ẹ jẹ́ ká dúró síbí díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ iṣẹ́ wa pọ̀ sí jù. Lẹ́tà mẹ́ta tí mo kọ yẹn, "OKO," ó kéré tán, ọ̀rọ̀ mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀ bí a bá yọ àmì: oko tí à ń ro, ọkọ́ tí a fi ń ro ó, ọkọ̀ tí à ń wọ̀, àti ọkọ tí à ń fẹ́. Kò sẹ́ni tó lè jí oko gbé, ọkọ́ ò sì kan òṣèré. Ó ku méjì. Yorùbá sì burú níbẹ̀, torí "jí gbé" kan náà là ń lò fún mọ́tò àti fún èèyàn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ èwo nínú méjèèjì ni, àwòrán ló máa gbójú sókè wò. Kí ló bá níbẹ̀? Obìnrin tó wọ dúdú, nínú òkùnkùn, tí kò wo ẹnikẹ́ni, tó ń retí ẹni tí kò dé. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi tò ó bẹ́ẹ̀. Aṣọ ọ̀fọ̀ ni mo wọ̀ fún un, mo wá ní kí àwọn èèyàn má rò ó sí ọ̀fọ̀.

Ọ̀mọ̀wé ará Faransé kan, Roland Barthes, kọ nípa irú nǹkan báyìí lọ́dún 1964, nígbà tó ń túmọ̀ àwòrán ìpolówó spaghetti kan. Ó ní ìtúmọ̀ àwòrán máa ń pọ̀, ó máa ń léfòó káàkiri, ọ̀rọ̀ tí a kọ sí i lára ló ń dè é mọ́lẹ̀. Orúkọ tó fún iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ ń ṣe yẹn, ìdákọ̀ró ni ìtúmọ̀ rẹ̀ gan-an. Ó pa mí lẹ́rìn-ín nígbà tí mo rò ó ní Yorùbá, torí ọkọ̀ ló wà nínú ìdákọ̀ró náà: ohun tó ń dá ọkọ̀ ró. Tiwa ò dá ọkọ̀ kankan ró. Ọ̀rọ̀ wa fúnra rẹ̀ ń léfòó, àwòrán ló wá fà á lọ síbi tó wù ú.

Ìdààmú tó tún wá bá wa ni pé ìwé yẹn tà. Àwọn oníwèé tó ń dá a padà tẹ́lẹ̀ ló ń pe Dádì pé kí wọ́n gbé sí i wá. Dádì gbé ojú sókè, wọ́n gbé e sílẹ̀, wọ́n ní, "Aláwòrán, ṣé a ò wá lè máa yọ àmì yìí dànù lóṣooṣù?" Àwàdà ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwàdà tán. Èmi náà, kí n má purọ́, mo ti fẹ́ máa gba oríyìn.

Oṣù tó tẹ̀ lé e ló là wá lójú. A tọrọ àforíjì nínú ìwé, a tún fi ojú kan ṣoṣo ṣe kọ́fà, ti òṣèrékùnrin ni lọ́tẹ̀ yìí. Mo ya àmì sí orí àkọlé pẹ̀lú ọwọ́. Èyí tí wọ́n dá padà ju ti ìgbàkígbà lọ. Àwọn tó ra ti oṣù tó kọjá ti délé, wọ́n ti ṣí i, wọ́n bá jíìpù níbi tí wọ́n ti ń wá ọkọ. Ó di pé bí wọ́n bá ti rí ìwé wa, wọ́n á ní irọ́ ni. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé iye tí ìwé kan tà lóṣù kan wá fi hàn mí pé kọ́fà rẹ̀ dára, mo máa ń béèrè ti oṣù kejì.

Ìgbà náà ni mo tó ṣe ohun tó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣe. Mo jí lọ sí Dùgbẹ̀ láàárọ̀, mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá kan tó ń ta ìwé ìròyìn. Àwọn akàwé-ọ̀fẹ́ ti pé yí wọn ká, àwọn tó ń ka gbogbo àkọlé láìra ẹyọ kan, tí wọ́n tún máa ń jiyàn lé e lórí. Mo dara pọ̀ mọ́ wọn. Okùn ni bàbá fi ń ta ìwé tiwọn, pẹ́ẹ̀gì tí a fi ń sá aṣọ ni wọ́n fi dè wọ́n mọ́ ọn. Àyè ò sì tó. Ìwé kan á gun èkejì lórí, tó fi jẹ́ pé apá òkè nìkan ló máa yọ lára ọ̀pọ̀ wọn, bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Mo wá tiwa. Mi ò rí i. Ìwé tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe, mo wá a tì. Bàbá ló nawọ́ sí i fún mi: gèlè kan ló yọ lókè ìwé míì, ẹ̀dà ti oṣù jíìpù tó ṣẹ́ kù, pẹ́ẹ̀gì sì bu lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ wa jẹ. Èyí tí gèlè ò bò, pẹ́ẹ̀gì ti jẹ ẹ́.

Bàbá ní, "Ìwé yín yìí ò lórúkọ mọ́. Tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá béèrè, màá kàn nawọ́ sí pupa oníyẹ́lò yẹn. Ní báyìí, mo ní láti máa wá a."

Ẹnu tì mí. Empire lè fi orí èèyàn bo orúkọ rẹ̀ torí orúkọ náà ti wà lórí àwọn tó ń rà á. Bí wọ́n bá rí lẹ́tà méjì, wọ́n á parí èyí tó kù fúnra wọn. Wọn kì í sì í fi pẹ́ẹ̀gì kọ́ ọ lẹ́bàá òpópónà. Èmi rí ohun tí wọ́n ṣe, mi ò rí ìdí tó fi ṣeé ṣe fún wọn. Pupa oníyẹ́lò tí mo pè ní ìdọ̀tí, òun gan-an ni orúkọ ìwé lójú ẹni tí kò tíì súnmọ́ ọn tó láti kà á.

Mo bi bàbá léèrè ohun tí àwọn oníbàárà máa ń kọ́kọ́ sọ. Wọ́n ní, "Àwọn wo ló wà nínú ẹ̀? Ohun tí wọ́n ń bi mí nìyẹn." Wọ́n tún sọ fún mi pé láti kékeré làwọn ti ń ka *Atọ́ka*, ìwé aláwòrán tó máa ń fi fọ́tò sọ eré àwọn òṣèré ìtàgé, àti pé àwọn òṣèré ló mú àwọn fẹ́ràn ìwé, kì í ṣe olùkọ́. Dádì mọ èyí kí n tó dé. Orí mẹ́sàn-án yẹn ń dáhùn ìbéèrè tí àwọn èèyàn ń béèrè lóòótọ́. Àṣejù ló bà á jẹ́.

Kí n tó kúrò, mo rékọjá sí òdìkejì títì, mo fi fóònù ya gbogbo okùn ìwé náà. Fọ́tò yẹn ni mo gbé síwájú mi nígbà tí mo jókòó ti kọ́fà kẹta. Gbogbo ìgbà tí mo bá ṣe nǹkan kan tán, màá lẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín àwọn tó kù lórí okùn, màá sún un kéré títí tí yóò fi tó èékánná.

Orúkọ ìwé padà sí pupa lórí yẹ́lò, a yọ òjìji rẹ̀ kúrò, a sì fi àyè sílẹ̀ lókè fún pẹ́ẹ̀gì láti jẹ. Kò sí gèlè tó gbọ́dọ̀ kàn án. Ẹnì kan ló tóbi láàárín, aláwàdà àgbàlagbà kan tó fọwọ́ lẹ́rán, tó ranjú mọ́ ẹ bí ẹni tó ń dúró de owó rẹ̀. Mo ti kọ́gbọ́n lórí ojú: ẹni tó bá wò ọ́ ń bá ẹ sọ̀rọ̀, ó ń fẹ́ ìdáhùn; ẹni tó bá wo ibòmíì ti sọ ẹ́ di ayọjúràn. Èkejì wúlò, àmọ́ kì í pe èèyàn láti òdìkejì títì. Ògiri aláwọ̀ amọ̀ ló wà lẹ́yìn rẹ̀, iná méjì ni mo tàn sí i, mo sì dín búlúù àti dúdú kù lójú rẹ̀ kí ó tó dé Ṣómólú. Nísàlẹ̀, orí mẹ́rin kéékèèké tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, orúkọ wọn wà lábẹ́ wọn. Ti Dádì nìyẹn. Wọ́n fẹ́ méje, a ná an sí mẹ́rin.

Àmì ló gbà wá lákòókò jù. Ohun tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé àwọn ará Vietnam náà ń lo ẹ àti ọ, nítorí náà fọ́ǹtì tó bá lè kọ èdè wọn máa ń ní méjèèjì. Ṣùgbọ́n wọn ò ní ṣ. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí àkọlé Yorùbá tí ẹ àti ọ rẹ̀ jókòó dáadáa, tí ṣ rẹ̀ wá dà bí àlejò tó wọ aṣọ ẹlòmíì. Bákan náà, ẹ́ àti ọ̀ ò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tiwọn nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà. Lẹ́tà ọ̀tọ̀, àmì ohùn ọ̀tọ̀ ni, fọ́ǹtì ló máa gbé ọ̀kan lé èkejì. Èyí tí kò bá mọ̀ ọ́n ṣe á ju àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn fọ́ǹtì bíi Gentium àti Charis SIL mọ̀ ọ́n ṣe, ṣùgbọ́n ojú ìwé kíkà ni wọ́n ní, wọn ò ní ojú ìwé títà. Mo bá ra fọ́ǹtì tó nípọn, mo ya àmì tirẹ̀ fúnra mi. Lẹ́tà ńlá tún fẹ́ fa wàhálà: àmì abẹ́ ìlà òkè ń forí gbárí pẹ̀lú àmì ohùn ìlà ìsàlẹ̀, Ọ lókè, Ó nísàlẹ̀. Mo yí gbogbo àkọlé sí lẹ́tà kékeré, mo fi àyè sáàárín ìlà. Wọ́n dínkù sí mẹ́rin, torí àyè tí àmì ń jẹ kò fi àyè sílẹ̀ fún mọ́kànlá. Bí Yorùbá tí a kọ dáadáa ṣe bá mi gé ariwo kúrò nìyẹn, láìjẹ́ pé mo tún bá Dádì jà.

Kò tà tó ti oṣù ọkọ. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n dá padà dínkù, ó tún dínkù lóṣù tó tẹ̀ lé e. Lóṣù kẹta, Dádì ti yọ́ "Háà!" kan sí igun nígbà tí mi ò sí nílé. Mo fi sílẹ̀.

Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi máa ń rò pé ìyà ni mo fi ń jẹ wọ́n. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé kọ́fà wá fún mi lórí kọ̀ǹpútà, màá ní kó lọ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kó fi pẹ́ẹ̀gì kọ́ ọ sórí okùn tó wà nínú kọ́rídọ̀, kó gbé ìwé méjì gùn ún, kó sì wá dúró lẹ́nu géètì. Lẹ́yìn náà, màá ní kó bo àwòrán mọ́lẹ̀, kó ka àkọlé fún ìyá tó ń ta àkàrà níwájú ilé, kó béèrè ohun tí ìyá náà gbọ́. Kó tún bo àkọlé, kó fi àwòrán hàn wọ́n. Bí ìtàn méjèèjì ò bá bára mu, kó padà lọ jókòó. Ìyá alákàrà ti lé àkọlé mẹ́ta padà lọ́dún yìí nìkan, wọn ò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa.

Ní ti òṣèrébìnrin yẹn, ìjà pẹ̀tù. Nígbà tí mo délé wọn láìpẹ́ yìí, mo bá kọ́fà náà nínú férémù ní pálọ̀, eérú ojú àti gbogbo rẹ̀. Ó ní ọkọ òun ló lọ fi sí férémù, òun ló sì gbé e kọ́ fúnra rẹ̀. Ọkọ̀ ni wọn ò tíì rí.